Kí O Tó Kó Àwọn Ọmọ Wọ Igbó Ẹdun

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Alàmísì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àgbàdo tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ó wà nínú ìwé ni, nítorí òun ló yẹ kó sọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí n ó sọ yìí, kò sì sí mọ́. Mo ti sin ọmọ méjì kí a tó bí ọ, mo sin ọ̀kan lẹ́yìn rẹ, mo wá sin ìyá yín. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ tó báyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ní òróró lára mọ́. Má retí òróró. Ṣùgbọ́n bí o bá débi tó dùn nínú lẹ́tà yìí, má rò pé Làmídì télọ̀ ló fi í síbẹ̀. Èmi ni.

Làmídì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wa ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kí ó kọ ohun tí mo bá wí, kí ó má bá mi tún un ṣe. Ó ní, "Bàbá, ẹ rọra máa sọ ọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ̀wé, kì í ṣe máṣíìnì." Mo ti gbọ́.

Lẹ́tà rẹ dé láti Ìbàdàn, Làmídì kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé o ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ tíṣà, inú mi sì dùn jù pé Ìfọ́n ni wọ́n gbé ọ sí. Bí mo bá húkọ́ ní Ìlobù, díẹ̀ ló kù kí o gbọ́ ọ ní Ìfọ́n. O ní ọ̀gá ilé-ìwé náà fẹ́ kí o máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹyẹ àti ẹranko àti igi, o sì ti sọ fún un pé inú ìwé kọ́ ni ìwọ yóò ti kọ́ wọn, pé Igbó Ẹdun ni ìwọ yóò kó wọn lọ, létí odò Erinlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pa ẹran láti ayé àwọn baba ńlá wa. O ṣe dáadáa. Ìwé kò ní òórùn ewé.

O bi mí ní ìbéèrè méjì. Èkínní ni pé báwo ni ìyá rẹ ṣe ń ṣe é, tó fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí ọmọ kan kò sọnù, tí ejò kò bu ẹnì kan jẹ. Èkejì ni èyí tí Làmídì kà tí mo ní kí ó dúró ná: "Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó mú wa wọlé?"

N ó dá ọ lóhùn ti àkọ́kọ́. Èkejì kì í ṣe tèmi láti dáhùn. Láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún méje ni ẹsẹ̀ mi kò ti wọ igbó yẹn mọ́. O rò pé orúnkún ló ń dùn mí. Orúnkún kọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́ níbẹ̀, o kò sì mọ̀ títí di òní. Ìwọ nìkan ló lè ní kí n wọlé tàbí kí n dúró síta. N ó sọ ohun tí mo ṣe kí n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn ọmọ, torí ọmọ ọlọ́mọ kò mọ̀ nípa ẹ̀bi mi.

Èkínní, má ka àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé tíṣà ni ọ́, ìka rẹ yóò máa yún ọ láti nà án sí wọn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn ìyá tó wà ní Ìfọ́n yóò gbọ́, wọn kò sì ní jẹ́ kí ọmọ wọn tẹ̀lé ọ mọ́. Ohun tí ìyá rẹ máa ń ṣe ni pé bí wọ́n bá dé ibi tí pèrègún tò sí bí ọgbà, níbi tí igbó náà ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan, á gbé e sí ìdí pèrègún, á sì wò ó dáadáa kí ó lè dá a mọ̀. Bí wọ́n bá ń jáde, kálukú á mú tirẹ̀. Bí òkúta bá ṣẹ́kù, ọmọ ṣẹ́kù. Kò sí ẹni tó ka ẹnì kan.

Nígbà tí mo wà ní géńdé, kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, èmi ni ìdílé máa ń ní kí n mú àwọn ọmọ lọ wo ẹdun. Òkúta náà ti wà nínú àṣà ìdílé wa, ṣùgbọ́n mo ní èmi kò nílò rẹ̀. Mo ní ojú ọdẹ kì í fo ẹran, ṣé ọmọ ni yóò wá fò? A délé, mo jókòó, mo ń mu omi, ni ìyá Bíntú yọ sí mi, ó ní, "Ọdẹ, ọmọ mi dà?" Omi náà há mi lọ́fun. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ títí mo fi dé igbó. Bíntú jókòó sí ìdí igi kan, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún, ó ń wo èèrà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ ti tètè dé. Àwọn èèrà yìí ò tíì délé." Kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti gbàgbé òun. Èmi ni mo sunkún, kì í ṣe òun. Bíntú ti di ìyá ọlọ́mọ márùn-ún ní Ẹ̀rìn báyìí, bó bá sì rí mi títí di òní, ó máa ń bi mí bóyá àwọn èèrà ti délé. Àjọkẹ́ mi, jẹ́ kí wọ́n ṣa òkúta.

Lẹ́yìn èyí ni ti oúnjẹ. Kí wọ́n jẹun yó nílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nǹkan jíjẹ wọ ibẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀pà méjì, ì báà ṣe tíṣà fúnra rẹ̀. Ẹdun kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ewé ló ń jẹ lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀bọ ni kí o ṣọ́ra fún. Nígbà tí Làmídì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ó bá wa lọ, ó dé fìlà ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì fi ẹ̀pà sísun pamọ́ sábẹ́ fìlà náà.

Làmídì ti gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé dandan ni kí ìyẹn wọnú lẹ́tà ọmọ yìí?"

Mo ní, "Kọ ọ́."

Ó ní, "Ẹ̀pà díẹ̀ ni o."

Mo ní, "Kọ pé ẹ̀pà díẹ̀ ni."

Ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀ka, ó ṣí i ní fìlà bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ó gun igi padà. Ó jókòó lókè, ó ń fọ́ ẹ̀pà, ó ń ju èèpo rẹ̀ lé Làmídì lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Làmídì dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí ó dákun, fìlà àna òun ni. Ìyá rẹ ní, "Làmídì, o ò tíì kí i dáadáa, orúkọ baba ńlá rẹ̀ ni kí o fi kí i." Ìwọ rẹ́rìn-ín títí tí o fi bọ́ sínú ẹrẹ̀. Fìlà náà kò padà wá.

Gbogbo wa ló fi Làmídì ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lẹ̀bi. Fún bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo ti ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àwọn ọ̀bọ yẹn kí ẹ̀yin ọmọ lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi ni mo kọ́ wọn pé ọwọ́ ènìyàn ni oúnjẹ ń wà. Ohun tí o bá fún ẹranko igbó láti fi dùn mọ́ ọmọ nínú, ẹlòmíràn ni yóò san án.

Ti ariwo wá ńkọ́? Ọdẹ máa ń ní kí ọmọ dákẹ́ láti ilé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é fún yín níbẹ̀rẹ̀, mo ń dijú mọ́ yín, mo ń fi ìka sí ẹnu. Ọmọ tí a bá ní kí ó dákẹ́, ibẹ̀ ni ikọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtọ̀ yóò ti gbọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìdí pèrègún, á ní kí wọ́n pariwo títí ohùn wọn á fi há, kí wọ́n fẹsẹ̀ kilẹ̀ bí ẹni ń gúnyán. Ejò á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn nínú ilẹ̀, á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Á ti rẹ ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n bá wá dé etí odò, fúnra wọn ni wọ́n á jókòó, wọ́n á dákẹ́. Ọ̀pá gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, òun ló ń ṣáájú, ó ń fi í kan ewé tó wà nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Kò jẹ́ kí ọmọ kankan ṣáájú òun, kò sì jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù kẹ́yìn. Èyí tó gbójú jù ló máa ń fi sẹ́yìn, á sọ fún un pé òun ni olórí ẹ̀yìn. O rántí? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ ìwọ.

Mi ò mọ èwo ni a dé báyìí. Làmídì ní ẹ̀kẹrin ni. Ẹ̀kẹrin, má dáhùn ohun tí o kò mọ̀. Ọmọ á bi ọ́ ní ohun tí ó lè dójú ti ọba. Wọ́n ní ohun tí àgbà jókòó rí, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Irọ́ ni nínú igbó yẹn. Ojú ọmọdé súnmọ́ ilẹ̀ ju tiwa lọ. Nígbà kan, ọ̀kan nínú yín rí akọ àtíòro tí ó ń dá nìkan fò lọ fò bọ̀, ó bi mí pé ìyàwó rẹ̀ dà. Mi ò fẹ́ kí ọmọdé rí i pé mi ò mọ̀. Mo ní ó ti lé e jáde nílé nítorí ẹnu rẹ̀ gùn jù. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo wú fùkẹ̀.

Ìyá rẹ gbé ọ̀pá rẹ̀. Ó mú wa lọ sí ìdí igi ńlá kan, ó ní kí a jókòó. A jókòó títí ìdí mi fi kú. Akọ àtíòro náà dé, ó fò mọ́ ara igi, ó na ẹnu rẹ̀ gígùn sí ojú ihò tóóró kan tí wọ́n fi amọ̀ dí, ẹnu mìíràn sì yọ láti inú ihò náà, ó gba èso lẹ́nu rẹ̀. Inú igi ni ìyàwó wà! Ó ti mọ ilé dí mọ́ ara rẹ̀, ó ń sàba, ọkọ ló ń bọ́ ọ. Ìyá rẹ yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Àjọkẹ́, ọdún mélòó lẹ ti ń ṣọdẹ? Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn lu ẹran, ẹ ò mọ ibi tí ẹran ń gbé." Níwájú gbogbo ọmọ! Mo bínú fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bí ọmọ bá bi ọ́ ní ohun tí kò yé ọ, sọ pé, "Mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí á jókòó wò ó." Kò sí ohun tí ó dùn mọ́ ọmọ tó kí òun àti tíṣà rẹ̀ jọ má mọ nǹkan.

Má sì jẹ́ kí wọ́n mú nǹkan kan jáde, ì báà ṣe ẹyin, ì báà ṣe ìgbín, ì báà ṣe ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó já bọ́. Ọmọ á ní òun fẹ́ tọ́ ọ ni. Inú ìkòkò ni ìtọ́jú náà máa ń parí sí, ìwọ náà mọ ilé wa.

Mo ti yí i ká tó. Bí ènìyàn bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tara mi, tìrẹ ni.

O rántí Elétí-Yíya. Mo mọ̀ pé o rántí, torí nínú lẹ́tà rẹ o kọ ọ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣì máa wá mumi létí odò. Ẹtu ni, kékeré, abo, etí òsì rẹ̀ ya dé ìdí, ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ. O jẹ́ ọmọ ọdún méje. Mo kọ́ ọ bí àwa ọdẹ ṣe ń pe ẹtu: kí o di imú, kí o sunkún bí ọmọ ẹtu tí ìyà ń jẹ. Níta, ìbọn ni a fi ń dúró de èyí tó bá dáhùn. Nínú Igbó Ẹdun, èmi àti ìwọ kàn ń wò ó ni. Elétí-Yíya á jáde láti inú ewé, á wá, á dúró bí ibi tí mo jókòó yìí sí kàǹga. Ìwọ á ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ẹnu kí igbe ayọ̀ má bàa bọ́. Nígbà tó yá, ó mọ̀ wá. Kò dúró kí n pè é lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo ti sin ọmọ méjì nígbà yẹn, Àjọkẹ́. Bí mo bá rí ọ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu bẹ́ẹ̀, á dà bíi pé ilẹ̀ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn le. Mo lọ sí igbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òfo ni mo ń gbé bọ̀. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi jókòó sábẹ́ igi odán, wọ́n rí mi tí mo ń bọ̀. Ọ̀kan ní, "Ọdẹ tí ń mú ọmọ lọ kí ẹran! Báwo ni ará ilé wọn?" Òmíràn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bó bá pẹ́, yóò máa sọ wọ́n lórúkọ." Ẹ̀kẹta ní, "Ó ti sọ wọ́n lórúkọ o! Ọmọ rẹ̀ sọ fún ọmọ mi." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní gbé òfo bọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo lọ dúró ní ìdí pèrègún. Níta ni mo dúró. Èèwọ̀ ni láti pa ẹran nínú igbó náà, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa ìta. Mo di imú. Mo pè é. Ó jáde. Ó rìn kọjá láàárín pèrègún, ó bọ́ síta wá bá mi, ó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ mi, ibi tí ìwọ máa ń dúró sí. Mo yìn ín níbọn. Mo sáré dú u kí ẹ̀mí tó bọ́. Mo gé orí rẹ̀ kúrò kí n tó wọ ìlú, kí o má bàa dá a mọ̀, mo sọ ọ́ nù, etí òsì nìkan ni mo mú sínú àpò.

Ìyá rẹ sè é, kò mọ̀. O jẹ nínú rẹ̀. O ní, "Bàbá mi, ẹran yìí dùn o." Mo bù kún un fún ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá rẹ tú àpò ọdẹ mi láti fọ̀ ọ́, ó bá etí tí ó ya. Ó mú mi lọ síwájú baálé ilé wa ìgbà yẹn. Baálé bi mí, "Níbo lo dúró sí?" Mo ní ìta pèrègún. "Níbo ló kú sí?" Mo ní ìta pèrègún. Ó ní, "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ máa lọ." Bí a ti ń lọ sílé, mo wú, mo ní, "Ṣé o gbọ́?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Bàbá ti dá ẹjọ́ pèrègún. Ta ni yóò dá ti ọmọ?"

Mo yára rìn. Ó ní, "Nínú ìdílé yín, ẹni tó bá ṣẹ ẹlòmíràn lórí ọ̀rọ̀ igbó yẹn, ìta ló ń dúró sí, títí ẹni tó ṣẹ̀ yóò fi pè é wọlé. Ẹ kò ṣẹ igbó. Àjọkẹ́ lẹ ṣẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbọ́, tó bá pè yín, ẹ wọlé."

Mo ní, "Sọ fún un nígbà náà."

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo yìnbọn."

Láti ọjọ́ náà lọ, òun nìkan ló ń mú yín lọ. Ìwọ á jókòó létí odò, o ń dúró de Elétí-Yíya. O délé, o bi mí. Mo ní ó ti sọdá sí òdìkejì odò láti lọ bímọ. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn, kì í ṣe ìyá rẹ. O gbà á gbọ́, o sì ń gbé e kiri títí dé Ìbàdàn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogún.

Mi ò ní sọ fún ọ pé mo gbé ìbọn kọ́. Ọdẹ ni mí, ìbọn yẹn ló bọ́ yín. Ṣùgbọ́n mi ò fi ẹkún ọmọ ẹran pe ìyá rẹ̀ mọ́, mi ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ìmọ̀ràn tó ju gbogbo ìyókù lọ nìyí: má kọ́ ẹran kankan nínú igbó yẹn láti fẹ́ràn ènìyàn. O rántí pé bí ẹran bá ti súnmọ́ yín jù, ìyá rẹ á pàtẹ́wọ́, ẹran á sá. Ẹ̀yin ọmọ ń bínú, ẹ ní ó ń bẹ̀rù. Kò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ẹran tí kò bá sá fún ọmọdé, kò ní sá fún ọdẹ. Ìwọ náà pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ á bínú sí ọ. Jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ní ọjọ́ mẹ́ta kí ìyá rẹ tó kú, ó bi mí, "Ṣé ẹ ti sọ fún un?" Mo ní rárá. Ó ní, "Mo ti dúró dè yín títí, mi ò lè dúró mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó mú ọmọ ẹlòmíràn wọ ibẹ̀ láì mọ̀." Ohun tó sọ kẹ́yìn fún mi nípa rẹ nìyẹn. Ọdún méjì ló tún kọjá lórí rẹ̀. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹfọ̀n ń bẹ̀rù ọmọ tó bí.

Gàníyù àbúrò rẹ gbọ́ lánàá. Ó ní, "Bàbá, ta ni yóò máa bínú ẹtu láti ayéjọ́un? Ẹ kàn bá wọn wọlé." Mo ní kí ó panu mọ́. Kì í ṣe òun ló ki ọwọ́ bọ ẹnu létí odò.

Ìyá mi, òkín mi, ìwọ ni àkọ́bí tó dúró fún mi. Bí mo bá kú, ìwọ ni wọn yóò wá bá fún gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yìí. Èyí ni mo kọ́kọ́ gbé lé ọ lọ́wọ́, nígbà tí mo ṣì wà láyé láti gbọ́ ohun tí o bá sọ. Má ro ti ọjọ́ orí mi mọ́ ọn. Má ro pé bàbá ni mí. Baálé ti dá ẹjọ́ rẹ̀, ó ti kú. Ìyá rẹ ti dá tirẹ̀, òun náà ti kú. Ó ku tìrẹ. Bí o bá ní kí n wọlé, n ó wọlé. Bí o bá ní kí n dúró síta, n ó máa bá yín wo òkúta àwọn ọmọ ní ìdí pèrègún títí ẹ ó fi jáde, mi ò sì ní bi ọ́ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ ló wà.